Kí O Tó Fọwọ́ Kan Káàdì Ẹlòmíràn

Imeri,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Bọ́sẹ̀ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Ìyàwó Ṣọlá ló kà á fún mi. Mo ní kó tún un kà. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan náà ni yóò kà lẹ́ẹ̀kejì ni. Ohun kan náà ló kà. Nítorí náà mo gbà pé ìwọ lo kọ ọ́, àti pé ohun tí mo gbọ́ yẹn lo ní lọ́kàn.

Òun náà ló ń bá mi kọ èsì yìí. O mọ̀ ọ́n, ìyàwó àbúrò mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ní èdè Imeri ni ó ń yí i sí Yorùbá inú ìwé. Mo sọ fún un pé kó yí èdè, kó má yí ọ̀rọ̀. Mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, mo bi í pé kí ló kọ. Ó ní, "Bàbá, ohun tí ẹ sọ náà ni." Mo ní kó kà á sí mi létí. Bí a ó ṣe máa ṣe é nìyẹn títí yóò fi parí. Bí o bá rí ibi tó dùn jù, òun ló fi kún un.

O ní ẹ̀ka yín fẹ́ rán yín jáde fún oṣù díẹ̀, kí ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é, kí ẹ tó padà wá parí ìwé yín. O ní báǹkì kan ní Ìbàdàn fẹ́ gbà ọ́, pé wọ́n ní kọ̀ǹpútà, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù, wọn yóò sì máa fún ọ lówó ọkọ̀. O wá ní o ò fẹ́ lọ sí báǹkì. O ní ilé ìwòsàn yẹn lo fẹ́ lọ, inú yàrá tí wọ́n ń kó káàdì àwọn aláìsàn sí, láti bá wọn kó orúkọ wọ inú kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ. O ní bí mo bá ní kí o má lọ, o ò ní lọ.

Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà nínú lẹ́tà mi. Ìwọ mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí a ti gbé ìyá rẹ jáde níbẹ̀, bí mo bá wọ ọkọ̀ tó máa gba iwájú géètì wọn kọjá, mo máa ń ní kí dẹ́rẹ́bà sọ̀ mí kalẹ̀ ṣáájú, kí n fẹsẹ̀ gba ẹ̀yìn ọjà. Àwọn dẹ́rẹ́bà wa ti mọ̀ mí. Wọn kì í bi mí mọ́.

Nítorí náà, kí n tó sọ pé lọ tàbí má lọ, mo ní ohun tí mo fẹ́ bi ọ́, mo sì ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìyàwó ní kí n máa sọ ọ́ ní èkíní, èkejì, kó má baà dàrú. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbàgbé ibi tí mo kà á dé, kó má dá mi dúró.

Èkíní ni iṣẹ́ tí ò ń kọ́ fúnra rẹ̀. Mi ò fọkàn tán an. O ti pẹ́ ní yunifásítì báyìí tí ò ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo bi ọ́ pé báwo lo ṣe ń jókòó sídìí rẹ̀ sí, o ní ẹ̀yin ọmọ pọ̀, ẹ̀rọ kò pọ̀, pé orí ìwé lẹ ti ń fi bíró ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo mi orí lọ́jọ́ náà. Orí ni mo mì, mi ò gbà.

Ọmọkùnrin tí o fi lẹ́tà rẹ rán wá pàápàá, mo wádìí lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ọmọ Imoru lòun, pé ẹ jọ wà ní kíláàsì. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó pẹ́ nílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní, "Dìde, kì í ṣe ilé àna rẹ lo wà." Mo bi í pé kí ni òun náà ń kọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà. Mo ní, "Ìwọ ti jókòó sídìí rẹ̀ rí?" Ó ní, "Bàbá, a ń ṣe é lórí ìwé ni." Mo ní kó mú iṣu kan nínú èyí tó wà nílẹ̀. Ó mú èyí tó kéré. Ìyẹn wù mí, ṣùgbọ́n mo ṣì ń wò ó.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, kí n tó mọ ìyá rẹ, mo fi oko bàbá mi sílẹ̀, mo ní dẹ́rẹ́bà lọ́rí ni mo fẹ́ dà. Ọ̀gá kan gbà mí ní Ọ̀wọ̀. Aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́, ó sì ní eyín wúrà kan. Ó ní kí n máa fọ lọ́rí, pé ẹni tí kò mọ ara ọkọ̀ kò lè wà á. Mo fọ lọ́rí. Ó ní kí n máa fi igi há ẹ̀yìn táyà tí a bá dúró lórí òkè. Mo fi há a. Bí mo bá ní, "Ọ̀gá, ìgbà wo ni màá di sítíárìn mú?" á ní, "Àjàyí, ṣé o ti mọ ìró ẹ́ńjìnnì ni?" Èmi á tún lọ máa tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ fọ̀ tó mi ní gbogbo agbègbè wa. Títí di òní, mi ò wa ọkọ̀ rí. Nígbà tí mo padà délé, bàbá mi kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn na ọkọ́ sí mi, ó ní, "Èyí, òní náà ni wàá dì í mú."

Nítorí náà, ibikíbi tí o bá lọ, lọ́jọ́ tí o bá débẹ̀ ni kí o bi wọ́n pé èwo ni ọwọ́ rẹ yóò dì mú. Bí wọ́n bá ní kí o kọ́kọ́ máa tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, di ẹrù rẹ. Mo sì fura sí báǹkì yẹn. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n tún ń fún un lówó ọkọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ kó máa bá wọn gbé? Tíì ni wàá máa pò fún wọn.

Èkejì. Rántí ọjọ́ tí o wá lo ìsinmi, tí a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo ní kí o ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín gan-an. O mú èédú, o ya igi kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè, ewé rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Mo ní wọ́n ti hú igi yìí. O rẹ́rìn-ín. O ní bí ẹ ṣe ń yà á nìyẹn, pé láti òkè lẹ ti ń bọ̀, bí ẹ bá dé ibi tó ti pín, ẹ ó bèèrè ìbéèrè kan, ẹ ó sì yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Mo gbọ́.

O tún ní bí orúkọ bá pọ̀ nínú ìwé, ẹ̀yin kì í wá a láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ó ṣí ìwé sí àárín. Bí orúkọ tí ẹ ń wá bá wà ṣáájú àárín, ẹ ó pa gbogbo apá ẹ̀yìn tì, ẹ ó tún ṣí apá tó kù sí àárín, títí ẹ ó fi bá a. O ní kò ní pẹ́ rárá.

Mo ní, "Àwọn tó wà ní apá tí ẹ pa tì ńkọ́?"

O ní, "Bàbá, ẹni tí a ń wá kò lè sí níbẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ti tò ó tẹ́lẹ̀ ni."

"Ta ló tò ó?"

O wò mí. O ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà máa ń fura jù."

Mo ní, "Mo fura. Ta ló tò ó?"

O kó àwo tí a fi jẹun, o tò wọ́n léra, o ní ọ̀nà míràn tún nìyí tí ẹ fi ń tọ́jú nǹkan, pé èyí tí a gbé lé e kẹ́yìn la ó kọ́kọ́ mú. Mo ní, "Mo mọ ìyẹn. Páálí ilé ìwòsàn nìyẹn." O gbé àwo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, o sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí àwo ṣe pọ̀ tó lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fura pé kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan lò ń kọ́.

Ìyàwó ti gbé bíró sílẹ̀. Ó ní páálí wo ni. Òun kò tíì wọ ilé wa nígbà náà. Màá sọ ọ́ fún un, kí ìwọ náà sì gbọ́ ọ, torí ó lè jẹ́ pé bí o ṣe rántí rẹ̀ kọ́ ni èmi ṣe rántí rẹ̀.

Ọyẹ́ ṣì bo ojú ọ̀nà lọ́jọ́ tí a gbé ìyá rẹ débẹ̀. Àwa la kọ́kọ́ dé. Wọ́n gbé páálí mílíìkì kan sí ojú fèrèsé, ẹni tó bá dé á kọ orúkọ aláìsàn sórí ìwé pélébé, á jù ú sínú rẹ̀. Ìwọ lo kọ ti ìyá rẹ, nítorí ìwọ lo mọ̀wé nínú wa, aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ. Nígbà tí akọ̀wé wọn dé, kò da páálí náà dé. Ó kàn ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó ń mú èyí tó wà lókè. Àwọn tó dé kẹ́yìn ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè. Mo dìde lọ bá a.

Mo ní, "Ọ̀gá, àwa la kọ́kọ́ dé."

Ó ní, "Bàbá, ẹ lọ jókòó. Gbogbo yín lẹ wà nínú páálí."

Òótọ́ ni. Gbogbo wa la wà nínú páálí. Oòrùn ti mú kó tó kan ìyá rẹ.

Ó wá wọ yàrá káàdì lọ, ó mú ọ̀kan jáde. Èyí tí katikíìsì wa bá a gbà nígbà tó fẹ́ bí ọ ni, orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ tí o kọ sínú páálí ló wà lórí rẹ̀, Felisíà, pẹ̀lú orúkọ ìdílé wa tí ìwọ ń jẹ́ nílé ìwé. Dókítà wò ó, ó ní obìnrin yìí kò ṣàìsàn kankan rí, ọmọ ló wá bí. Bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, inú ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n ti ń fún un. Orí káàdì míràn ló wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló mú un lọ lọ́jọ́ tí òòyì kọ́kọ́ kọ́ ọ, orúkọ ilé bàbá wọn ló sì fún wọn. Èmi náà ti mú un lọ nígbà kan tí orí ń fọ́ ọ, wọ́n ní kí lorúkọ rẹ̀, mo ní Ìbídùn, torí ohun tí mo ń pè é nìyẹn. Wọ́n ní ìyàwó ta ni, mo ní ìyàwó Àjàyí. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo, káàdì mẹ́ta, wọ́n wà lórí pákó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó parọ́. Dókítà ní kí wọ́n lọ wá èyí tí oògùn wà lórí rẹ̀. Wọ́n lọ. Wọ́n ń wá a. Orí ìyá rẹ wà ní èjìká rẹ lórí bẹ́ǹṣì. O ní, "Bàbá, màámi ti sùn lọ."

Ìyàwó, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Má fi nǹkan kan kún un.

Ẹ̀kẹta nìyí, òun sì ni mo tìtorí rẹ̀ ní kí Ìyàwó jókòó kọ lẹ́tà yìí. Bọ́sẹ̀, ṣé iṣẹ́ lò ń wá lọ síbẹ̀ ni, àbí ìyá rẹ? Má fi ẹnu ìwé dá mi lóhùn. Mo fura pé ohun tó ń fà ọ́ lọ síbẹ̀ ni orúkọ tí o kọ sínú páálí lọ́jọ́ náà. Mo fura pé o ti gbé e sọ́kàn pé ká ní orúkọ míràn lo kọ ni. A ò bá ara wa sọ ọ́ rí. Nílé yìí a kì í sọ ọ́. Àwọn èèyàn ní mo le, mo sì le lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò fọ́jú. Gbogbo ìgbà tí o bá wá sílé, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o bá òun kọ orúkọ òun sórí nǹkan, o máa ń bi í lẹ́ẹ̀mejì pé orúkọ wo.

Gbọ́ mi. Orúkọ tí o kọ, orúkọ rẹ̀ ni. Ká ní èyí tí mo ń pè é lo kọ, káàdì tèmi ni wọn ì bá mú jáde, orí fífọ́ nìkan ló sì wà lórí rẹ̀. Ọmọ tó wà nílé ìwé kò lè mọ orúkọ tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ fi gba káàdì nígbà tí kò sí nílé. Èmi àgbàlagbà kò mọ̀ ọ́n. Bí o bá fẹ́ lọ síbẹ̀ láti máa to káàdì títí ìyá rẹ yóò fi dìde lórí bẹ́ǹṣì, gba báǹkì lọ, kí o lọ máa po tíì. Kò ní dìde. Mo ti jókòó tì í, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé nítorí obìnrin míràn tó máa jókòó síbẹ̀ lọ́la ni, ìyẹn yé mi.

Nísinsin yìí, àwọn tí wàá bá níbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀kẹrin la wà. Olùkọ́ rẹ tí o kọ pé ó ní ibẹ̀ dára, ṣé ibẹ̀ lòun náà ń lọ bí ara rẹ̀ kò bá yá? Bi í. Àwọn òṣìṣẹ́ yàrá káàdì, wọ́n á rò pé o wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ni. Àwọn kan á fi pákó tí kò yẹ hàn ọ́. Àwọn míràn á ṣe oore jù, wọ́n á gbé àga fún ọ, wọ́n á ra mínírà fún ọ mu. Oúnjẹ tìrẹ ni kí o máa jẹ. Má sọ ọmọ ẹni tí o jẹ́ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Jẹ́ kí o kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe ń dá àwọn tó wà lójú fèrèsé lóhùn.

Ó ṣeé ṣe kí akọ̀wé páálí yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mi ò ní kí o dárí jì í. Èmi ò tíì dárí jì í. Ohun tí mo ní ni pé kí o má bú u. Ó ti pẹ́ nínú yàrá náà, òun ló máa mọ àwọn káàdì tó já bọ́ sẹ́yìn pákó. Kí i lówùúrọ̀, pè é ní bàbá bó bá ti dàgbà, kí o sì máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ẹni tó fi ta wọ́n lọ́rẹ, kí ló dé tí kò fẹ́ ẹ mọ́? Bí wọ́n bá ní ẹ sun káàdì torí kọ̀ǹpútà ti dé, má gbà. Bí iná bá lọ, ẹni tí orí ń fọ́ kò ní sọ pé kí orí dúró de iná. Bó bá sì jẹ́ pé àyè orúkọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, kí ẹ wá àyè fún òmíràn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó bá dé iwájú rẹ, má kàn bi í pé kí lorúkọ rẹ. Bi í pé kí ni wọ́n ń pè ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ní mọ́sáláṣí. Kí ni wọ́n ń pè ọ́ nílé bàbá rẹ. Ta ló mú ọ wá síbí kẹ́yìn. Àwọn kan á ní ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù. Jẹ́ kó pọ̀. Nígbà tí o bá ti bèèrè tán ni kí o tó sọ fún mi pé ẹni tí ẹ ń wá kò sí ní apá tí ẹ pa tì.

Ìyàwó ní ọwọ́ ń ro òun. Ó kù díẹ̀.

Lọ. Ó ń wò mí bí ẹni pé kò gbọ́ ọ dáadáa. Kọ ọ́ sílẹ̀: lọ.

Ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ kan káàdì ẹlòmíràn, wá ti ìyá rẹ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fi òwú kan dì wọ́n pọ̀, kí o dá wọn padà sórí pákó. Má kó wọn wá fún mi, mi ò mọ̀wé, n kò sì fẹ́ rí wọn nínú ilé. Bí wọ́n bá ní àwọn ti sun ti àwọn òkú, bi wọ́n pé ta ló sun ún, kí wọ́n mú ọ dé ibi eérú. Bí o bá rí méjì, má kọ̀wé sí mi. Máa wá ẹ̀kẹta.

Èmi fúnra mi yóò wá. Mi ò ní dá ọjọ́ fún ọ. Màá wọ ọkọ̀, mi ò ní sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú. Màá gba géètì wọn wọlé, màá dúró sójú fèrèsé bí gbogbo èèyàn ṣe ń dúró. Má kí mi bíi bàbá rẹ. Bèèrè ohun tí mo wá ṣe, kí o sì bèèrè orúkọ. Màá dárúkọ obìnrin kan fún ọ, orúkọ kan ṣoṣo, mi ò sì ní sọ fún ọ nísinsin yìí èyí tí yóò jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà màá lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, màá máa retí.

Bí o bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde pọ̀, màá gbà pé iṣẹ́ wà nínú ohun tí ò ń kọ́.

Ìyàwó ti kà á fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohun tí mo sọ ló kọ. Ó ti fi bíró kun àtàǹpàkò mi. Ibi dúdú tó wà nísàlẹ̀ yìí, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé yíǹkì ló dà sílẹ̀.

Bàbá rẹ,
Àjàyí.